Ọkọ̀ Ń Gòkè, Ẹ Má Kí Wa

Bọ́láwùmí Ọ̀ṣúndáre, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, wa ọkọ̀ eré pupa kan jáde láti ibùdó àyẹ̀wò ọkọ̀ ní Johannesburg ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2016, ó sì mú ìwé dání pé ọkọ̀ náà yẹ fún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ kékeré ni, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ fi ń wo ìdí táyà bọ́ọ̀sì. Fún ọdún méje gbáko, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò gbé e dé ibì kankan. Obìnrin yìí ló tún un ṣe nínú àgbàlá ilé rẹ̀ ní Orange Grove, lẹ́yìn òpópónà Louis Botha, níbi tí àwọn tákísí tó ń lọ sí Alexandra kì í ti í sinmi fèrè fífọn.

Bọ́láwùmí kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títọ́jú àwọn ẹ̀rọ inú yàrá ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní Braamfontein. Òun ló máa ń wọn irin kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí yóò fà á títí yóò fi já, òun náà ló sì máa ń kó àfọ́kù rẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ jẹun. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé irin tó fẹ́ já kì í kígbe tẹ́lẹ̀. Iléṣà ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1995 ló bá ọkọ rẹ̀, Akínbọ̀wálé, wá sí Johannesburg, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Tèmilọlá sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Wọ́n á bá a sọ Yorùbá, á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Akínbọ̀wálé ló ra ọkọ̀ pupa náà ní 2009 lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó ń kó kúrò ní àdúgbò. Ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Akínbọ̀wálé kò rí i bẹ́ẹ̀; ohun tó rí ni ọ̀nà Durban, afẹ́fẹ́, àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló fi ń tú u, tó fi ń tò ó. Ní 2013, àìsàn kíndìnrín gbé e lọ. Ọkọ̀ kù sórí bíríkì nínú àgbàlá, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà nínú gáréèjì.

Ìṣòro tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé, lórí ìwé, ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Akínbọ̀wálé. Lọ́dún tó rà á, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti parí, tuntun kò sì tíì jáde, nítorí náà orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ayọ̀délé Ọ̀ṣúndáre, ni wọ́n fi gba ìwé ọkọ̀. Ayọ̀délé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan tó ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn ní Berea. Bàbá Ìbejì ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí ó bí ìbejì. Ẹnì kan ní Sandton ń bẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ pé kó ta ọkọ̀ náà fún òun, Bàbá Ìbejì sì fẹ́ tà á.

Kì í ṣe ojúkòkòrò. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti máa ń rí àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, lórí bíríkì oníhò, kò sì sí ìgbà kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó wá gbọ́ pé ìyàwó àbúrò òun ti gbé sípánà, ó pè é síwájú àwọn ẹbí.

"Mo ti sin àbúrò mi," ó ní. "Mi ò ní sin ìyàwó rẹ̀. Ọmọ yìí ò ní kù láìní ìyá nítorí ọkọ̀."

Bọ́láwùmí bẹ̀ ẹ́, Bàbá Ìbejì sì fún un ní àyè títí di òpin oṣù kẹjọ ọdún 2016. Bí ọkàn òun kò bá balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó ní òun yóò tà á. Bọ́láwùmí kò ní ohun tó lè fi dí i lọ́wọ́, torí orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ló ni ọkọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó dá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sára ọkọ̀, ó sì kó gbogbo bíríkì oníhò náà dà sí ẹ̀yìn ilé. Ó mọ̀ pé bíríkì lè ru ẹrù lónìí kó sì fọ́ lọ́la, láìsí pé ohunkóhun kàn án. Ó ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, irú èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta nísàlẹ̀, tí wọ́n ń fà sókè tí wọ́n sì ń fi pín-ìnnì há kó má bàa yọ̀ wálẹ̀. Ó ra jáàkì ńlá onítáyà. Ó gbẹ́ igi onígun mẹ́ta mẹ́rin, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wẹ́ẹ̀jì, láti máa há iwájú àti ẹ̀yìn táyà tó bá ṣì wà nílẹ̀. Nítorí pé ọkọ̀ eré kò ga, tí orí jáàkì kò sì lè wọ abẹ́ rẹ̀, ó gé pákó nínípọn méjì tí wọ́n máa ń ti táyà iwájú gun ná, kí àyè lè wà. Rọ́bà tó gé lára táyà ògbólógbòó ló máa ń fi sí orí jáàkì kí irin má bàa fi irin họ.

Ọwọ́ kan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Jìmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń ta ìpè fóònù ní Berea, ló ń wá ràn án lọ́wọ́ ní Sátidé. Bọ́láwùmí kì í pè é ní Jìmí. Obìnrin tí a kọ́ nílé kì í la orúkọ mọ́ àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórí, ì báà jẹ́ pé lẹ́yìn tó wọlé ni wọ́n bí wọn. Akọ̀wé ló sọ ọ́, nítorí pé nígbà tí Jìmí wà lọ́mọdé ní Iléṣà, kò sí ìgbà tí kì í fi bírò há etí. Jìmí náà ń pè é ní ìyàwó wa.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì, wọ́n ń gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Jìmí wà nídìí ọ̀pá jáàkì, ó ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́láwùmí ti há wẹ́ẹ̀jì kan sẹ́yìn táyà òsì, ó mú èkejì lọ́wọ́, ó ń lọ sápá ọ̀tún. Ìgbà yẹn gan-an ni géètì ṣí, tí Bàbá Ìbejì wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

Gbogbo nǹkan tó tẹ̀ lé e kò tó ìṣẹ́jú kan. Jìmí rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọ̀pá jáàkì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bọ́láwùmí ju wẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀. Wọ́n jọ ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀ sà" lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àgbàlá náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo kò sì lè dá a dúró. Ọkọ̀ yọ̀ kúrò lórí jáàkì, imú rẹ̀ sì já lu ilẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí àwọn ará ilé kejì gbọ́. Kò sẹ́ni tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n orí Jìmí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí ibi tó wó sí.

Bàbá Ìbejì dúró, ọwọ́ lórí. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?"

 Bọ́láwùmí rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kedere ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti wí fún bàbá tí ẹ̀rù ń bà pé ìkíni tí wọ́n kí i ló wó ọkọ̀. Bàbá Ìbejì gbàdúrà sórí ọkọ̀ náà, ó wọ́n omi sí i. Bọ́láwùmí ṣe àmín. Nígbà tí bàbá lọ tán, ó lọ wá wẹ́ẹ̀jì tó jù sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló da kọnkéré sí apá kan àgbàlá náà, ó fi ìwọ̀n olómi àwọn bíríkìlà wò ó títí ó fi dúró dọ́gba. Ó sì mú pátákó kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé: ỌKỌ̀ Ń GÒKÈ, Ẹ MÁ KÍ WA. Bí iṣẹ́ gbígbé bá ti bẹ̀rẹ̀, pátákó náà á lọ sára géètì. Títí ọkọ̀ yóò fi jókòó sórí ẹsẹ̀ irin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí èèyàn nínú àgbàlá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkíni.

"Ìyàwó wa," Jìmí wí nígbà tó kà á, "ṣé ẹ mọ irú èèyàn tí à ń jẹ́? Tí ìyá ìjọ bá wọlé ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó dúró, Akọ̀wé."

"Tí Bàbá Ìbejì bá wọlé ńkọ́?"

"Ẹ tẹ jáàkì yín."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tèmilọlá kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sínú ìwé, òun ló sì máa ń kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, lọ́kọ̀ọ̀kan; wọn kì í ṣe èkejì títí ìyá rẹ̀ yóò fi sọ pé "Ó parí." Wọ́n á fa bíréèkì ọwọ́, wọ́n á fi ọkọ̀ sí jíà, wọ́n á há wẹ́ẹ̀jì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá lókè kó tó máa fi agbára fa nọ́ọ̀tì, ọkọ̀ náà ló ń tì ṣubú. Jáàkì á lọ sábẹ́ igi irin tó nípọn jù, kì í ṣe abẹ́ páànù. Bí ọkọ̀ bá ti ga tó, ẹsẹ̀ irin á wọlé, pín-ìnnì á há, wọ́n á sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ́láwùmí máa ń sọ fún Jìmí pé jáàkì mọ gbígbé, kò mọ dídúró. Òróró ló wà nínú rẹ̀, òróró sì lè jò. Lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ á gbá ọkọ̀ náà mú, á mì ín tagbáratagbára. Bó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn pátákó náà dé Berea kíákíá. Ìyá ìjọ kan tó wá gba abọ́ rẹ̀ ti kí títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn pé opó Ọ̀ṣúndáre ti di òyìnbó, pé kì í jẹ́ ìkíni mọ́. Bàbá Ìbejì gbọ́, ó gbé e sínú.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo South Africa. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé koríko funfun. Bàbá Ìbejì wá láti sọ fún Bọ́láwùmí pé òun kò ní dúró de oṣù kẹjọ mọ́. Ará Sandton yóò wá wọ́ ọkọ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Ìbejì bá pátákó lára géètì, ó kà á, ó sì wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ irin kan ti wọlé, èkejì kò tíì wọlé.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́!"

Jìmí tẹjú mọ́ orí jáàkì bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn.

"Jìmí! Etí rẹ ti di ni?"

Tèmilọlá ka ìgbésẹ̀ tó kàn. Bọ́láwùmí ti ẹsẹ̀ irin kejì wọlé, ó há pín-ìnnì rẹ̀. "Ó parí," ó ní.

"Ẹ wá wo ayé!" Bàbá Ìbejì ti bọ́ sínú èdè Ìjẹ̀ṣà, ó tún padà sí Yorùbá tí ọmọ náà lè gbọ́. "Ìyàwó tí èmi fúnra mi lọ tọrọ! Ẹni tó kúnlẹ̀ kí mi ní Iléṣà títí eékún rẹ̀ fi bó! Òun ló ń wò mí bí òpó iná yìí!"

Ó yíjú sí géètì láti lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ẹni tí wọn kò tíì kí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dágbére. Ó jókòó sórí kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó di ọwọ́ mọ́ àyà.

Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ irin. Bọ́láwùmí mì ín ní iwájú, ó mì ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló lọ yọ pátákó lára géètì, ó wá síwájú bàbá, ó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré tútù.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Ìbejì. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìrìn. Ìyá Ìbejì ńkọ́ sà? Àwọn Ìbejì ńkọ́?"

Jìmí ti wà nílẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ kí wa lẹ́ẹ̀kan, a dúpẹ́ sà! Ẹ̀ẹ̀kejì náà, a dúpẹ́ sà!"

"Ìwọ, dákẹ́ ẹnu ẹ. Bọ́láwùmí, ṣé mo ti wá di èèyàn báyìí?"

"Èèyàn lẹ jẹ́ látilẹ̀ sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nínú oṣù kejì, wẹ́ẹ̀jì wà lọ́wọ́ mi. Mo jù ú sílẹ̀ kí n lè kúnlẹ̀ kí yín. Akọ̀wé fi ọ̀pá jáàkì sílẹ̀ kí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tó wó ọkọ̀ yẹn."

"Èmi ni mo wó o nìyẹn?"

"Rárá o sà. Ẹ̀yin kàn wọlé ni. Àwa la fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀rù ń bà yín lọ́jọ́ náà sà. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀bi kún ẹ̀rù."

 Bàbá Ìbejì fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kọ́ni ní ìṣirò, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ. Ó ní nígbà tí òun bá ń ṣọ́ ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dìde kí òun, òun máa ń bá a wí. Òun á ní kó kọjú sí ìwé rẹ̀.  Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ rí i."

"Eish, Mọ́mì," Tèmilọlá ráhùn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣí ìwé rẹ̀ padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìbejì dìde dúró. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Ó pa á láì wo ẹni tó ń pè. Iwájú gòkè láìsí wàhálà. Ẹ̀yìn gòkè, ẹsẹ̀ irin méjèèjì wọlé, ọkọ̀ jókòó. Ó kù kí Bọ́láwùmí mì ín. Ó gbá a mú, ó mì ín, ó dúró. Ó tún mì ín. Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ láì ki orí sí i.

"Ẹ gbé jáàkì padà," ó ní. "Òkúta wà lábẹ́ ẹsẹ̀ irin ọ̀tún."

Jìmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Òkúta náà kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. "Ìyàwó wa, ó kàn mì díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ náà ló máa ń kọ́kọ́ mì, Akọ̀wé. Ẹ gbé e."

Wọ́n gbé e. Bọ́láwùmí gbá ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, wọ́n sì tún gbogbo apá ẹ̀yìn ṣe látorí wẹ́ẹ̀jì. Ìdajì wákàtí lọ síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí bàbá wá mì ín fúnra rẹ̀. Bàbá Ìbejì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi èjìká ti ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ já ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò ṣe bí ẹni tó gbọ́.

"Kí a ní o ò rí òkúta yẹn," ó ní.

"Mi ò ní wọ abẹ́ rẹ̀ sà títí màá fi mọ ohun tó ń mì ín."

Bàbá Ìbejì kò sọ ọ̀rọ̀ ará Sandton mọ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó lọ, ó ní bí ọkọ̀ náà bá yege ní ibùdó àyẹ̀wò kí oṣù kẹjọ tó parí, òun yóò fọwọ́ sí ìwé kó di ti Bọ́láwùmí. Ó pe ará Sandton ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kó wá ọkọ̀ mìíràn rà. Nígbà tí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ìkíni dìde ní Berea, ó bi ìyá ìjọ bóyá ó máa ń kí dókítà nígbà tí abẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó di àṣà rẹ̀ láti wá ní Sátidé. Bó bá bá pátákó lára géètì, á dúró síta, ọwọ́ lẹ́yìn, á máa wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, títí wọn yóò fi wá mú pátákó kúrò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á kí ara wọn títí tí yóò fi sú Tèmilọlá. Láàárín oṣù méjì yẹn, Bọ́láwùmí pààrọ̀ páìpù bíréèkì tó ti jẹrà, ó pààrọ̀ rọ́bà àwọn apá irin tó di táyà mú, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà abẹ́ ọkọ̀ títí èékánná rẹ̀ fi pọ́n. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ ju ìgbà ogójì lọ. Kò sí ìgbà kan tó wọ̀ ọ́ láì kọ́kọ́ mì ín.

Ẹni tó yẹ ọkọ̀ náà wò ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sínú kòtò àyẹ̀wò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó béèrè gáréèjì tó ṣe iṣẹ́ náà. Bọ́láwùmí fún un ní àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní "Shap," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé ó dára, ó sì lu òǹtẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, òun àti Bàbá Ìbejì yóò pàdé ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, níbi tí wọn yóò ti yọ orúkọ Ayọ̀délé Ọ̀ṣúndáre kúrò, tí wọn yóò sì kọ orúkọ Bọ́láwùmí Ọ̀ṣúndáre sí i.